Ilẹ̀kùn ni Wọ́n Tì, Wọn Ò Ti Etí Ọlọ́run

Bí àìsàn tàbí òjò kò bá jẹ́ kí ènìyàn ráyè lọ síbi àdúrà ní Òkè-Àgbọ̀n, kò ní pẹ́ tí àgbàlagbà kan á fi ní, "Ilẹ̀kùn ni wọ́n tì, wọn ò ti etí Ọlọ́run." Àlejò á rò ó títí. Ilẹ̀kùn wo? Ta ló tì í? Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé.

Láyé àwọn baba ńlá wa, ikọ́ burúkú kan wọ̀lú. Bí ẹnìkan bá kó o, gbogbo agbo ilé ló ń dùbúlẹ̀. Nígbà tí òkú pọ̀, Lèmọ́mù Búsàrí ní kí wọ́n ti mọ́ṣáláṣí títí àrùn náà yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Súbérù ni ládàánì, òun ló ń pe ìrun. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì mọ̀ pé ó dùn. Ọ̀rọ̀ yìí ká a lára.

"Alífáà, ṣé ikọ́ ni yóò lé wa kúrò nílé Ọlọ́run?"

"Súbérù, bí òjò bá le, ṣebí ilé la ti ń kírun. Èyí le ju òjò lọ."

"Onígbàgbọ́ kì í sá fún ikọ́," ni Súbérù wí, ó sì bínú lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ìyàwó Lèmọ́mù ti dùbúlẹ̀, ẹnu ìtọ́jú rẹ̀ ni bàbá náà wà. Súbérù bá ṣí mọ́ṣáláṣí, ó pe ìrun. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń ṣàárò ohùn yẹn. Wọ́n tú jáde. Bákàrè, ọ̀rẹ́ Súbérù láti kékeré, jókòó sílé ní tirẹ̀, nítorí ó ti ń húkọ́ díẹ̀díẹ̀. Súbérù lọ fà á lọ́wọ́.

"Ṣé ìgbàgbọ́ tìrẹ náà ti tán ni?"

Ojú ti Bákàrè, ó dìde. Ejìká sí ejìká ni wọ́n dúró kírun.

Kí Jímọ̀ mìíràn tó dé, Bákàrè ti kú. Àwọn tí wọ́n jọ tò sórí ìlà kan náà ti wà lórí ẹní àìsàn. Súbérù pàápàá ṣàìsàn títí ohùn rẹ̀ fi há.

Nígbà tó lè rìn, ó lọ bá Ràmátù, opó Bákàrè. Kò lè wọlé; ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Ìyá Àwáwù, èmi ni mo pa ọkọ yín."

Obìnrin náà nawọ́ sí ẹní kan nílẹ̀.

"Bàbá Lásísì, orí ẹní yìí ni ọkọ mi ti ń kírun látìgbà tí wọ́n ti ti mọ́ṣáláṣí. Mo máa ń gbọ́ ọ tó ń dárúkọ yín nínú àdúrà. Ilẹ̀kùn ni wọ́n tì, wọn ò ti etí Ọlọ́run. Kí lẹ wá fà á jáde lọ ṣe?"

Ràmátù kò ní òun dárí ji Súbérù, kò sì lé e. Omijé ló ń nù.

Nígbà tí ìrun ọ̀sán tó, Súbérù dúró níwájú mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ti tún tì pa, ó fi ohùn tó há yẹn pe ìrun. Ó dé ibi tó yẹ kó ti pe àwọn ènìyàn wá, ó ní: "Ẹ kírun nílé yín! Ẹ kírun nílé yín!" Àwọn tó gbọ́ sọ fún àwọn tí kò gbọ́. Láìpẹ́, àmín ń dún láti àgbàlá dé àgbàlá, títí kan ti Ràmátù.

Ìdí rèé tí ará Òkè-Àgbọ̀n kì í fi í dá ẹni tó jókòó sílé nítorí ẹ̀mí ọmọnìkejì rẹ̀ lẹ́bi. Ilẹ̀kùn ni wọ́n tì, wọn ò ti etí Ọlọ́run.