Ẹni Tó Gba Gbogbo Àyè Irin

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo sọ ọ́ fún Bàbá Ṣówándé títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Ìjà ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbé irin ló pọ̀ jù ní jíìmù mi tí mo fi gbé ètò gbígba àyè sórí íńtánẹ́ẹ̀tì: kí kálukú tẹ fóònù rẹ̀, kó mú wákàtí tó wù ú, kó wá gbé irin rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Ṣé Bàbá yìí jẹ́ kó rọrùn? Ó fi orúkọ ara rẹ̀ gba àyè, ó fi ti ìyàwó rẹ̀ gbà, ó tún fi ti ìyá rẹ̀ tó ti kú gbà, bí ẹni ń to kẹ́ẹ̀gì sídìí ẹ̀rọ omi. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ di tirẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fáwọn èèyàn.”

“Ṣé mo jí i ni? Kí àwọn náà tètè tẹ fóònù tiwọn!”

Àwọn oníbàárà mi bínú lọ.

Nírọ̀lẹ́ àná, irin wó lé Bàbá láyà níbi tó ti dùbúlẹ̀ gbé e lórí bẹ́ńṣì. Ó kígbe títí, kò sẹ́nì kankan nínú ilé tó máa bá a gbé e. Nígbà tí mo fi máa gbọ́ ohùn rẹ̀ nídìí jẹnẹrétọ̀ tí mo wà níta, tí mo sì sáré wọlé, òun fúnra rẹ̀ ti yí irin náà gba orí ikùn bọ́ sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Níbo ni gbogbo èèyàn wà?”

“Ẹ wo fóònù yín, sà. Ìyàwó yín ló wà níbí báyìí. Ìyá yín ló kàn.”