Àáró Tí Ehoro Sọ Di Ọ̀wẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra sọ, ó fò kọjá oko ẹ̀gẹ́, ó fẹsẹ̀ bọ kòtò amọ̀, ó wá bà lé Ọ̀yà, Ehoro àti Ikán lórí. Àdùnọlá, yọ ìka lẹ́nu kó o lè gbè é. Bí mo bá dárin, ohun tí ẹ ó máa wí ni, "Po amọ̀, po amọ̀ kó kúnná." Ẹ wí i kí n gbọ́. Ẹ ṣeun. Ohùn yín dùn ju ti àná lọ.

Láyé ọjọ́un, Ọ̀yà lóyún, kò sì nílé. Abẹ́ ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń sùn, ohun kan ṣoṣo ló sì ń bẹ lọ́kàn rẹ̀: kí òun má bímọ sínú òjò. Ehoro náà kò nílé. Ikán ní tirẹ̀, àmọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀ lọ súà, ó fẹ́ fi yàrá kún un. Làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ní káwọn dá àáró. Ẹ̀yin ọmọ, àáró ni pé kí ẹ bá mi ṣe tèmi lónìí, kí n bá yín ṣe tiyín lọ́la. Ikán yóò mọ ògiri, Ọ̀yà yóò gé koríko tí wọn yóò fi bolé, Ehoro tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le ni yóò máa po amọ̀.

"Ti ta la ó kọ́kọ́ ṣe?" Ikán ló bèèrè.

"Ti Ìyá Ọ̀yà ló yẹ," ni Ehoro wí, ó wá ń wúkọ́, wúhù, wúhù. "Ẹ má wo ti òtútù tó ń pa èmi. Bí mo bá kú, ẹ ó ṣáà rí ẹlòmíì tí yóò po amọ̀ fún yín."

Àánú ṣe Ọ̀yà. "Ẹ jẹ́ ká ṣe tirẹ̀ ná. Oyún mi kò tíì wúwo."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ehoro ń po amọ̀, pọ̀tọ̀, pọ̀tọ̀! Ilé ara rẹ̀ kúkú ni, ta ni yóò sọ pé kó má ṣe ọ̀lẹ? Ikán gbé ìpele kan, ó gbẹ, ó gbé òmíràn lé e. Ọ̀yà ń fi eyín gé koríko, kárá, kárá, ó sì bo òrùlé náà dí pátápátá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bolé tán, Ehoro se ẹ̀bẹ iṣu tó lépo. Wọ́n jẹ, wọ́n lá ìkòkò. Ó wá ku kí ògiri gbẹ kí wọ́n rẹ́ ẹ, nítorí ògiri amọ̀ tí a kò bá rẹ́, òjò ló ń jẹ ẹ́.

Ilẹ̀ mọ́, ó kan Ọ̀yà. Wọ́n retí Ehoro títí, wọn kò rí i. Ọ̀yà rọra gbé ikùn lọ sílé rẹ̀. Ó bá a níbi tó na gbalaja sí lẹ́nu ọ̀nà, tó ń tayín.

"Ehoro, àáró ti kàn mí o."

"Àáró wo? Ọ̀wẹ̀ ni mo bẹ̀ yín! Ṣé ẹni tó dá àáró ló ń se irú ẹ̀bẹ yẹn? A bẹ ènìyàn lọ́wẹ̀, ó wá, ó ṣiṣẹ́, a fún un lóúnjẹ, ó parí. Ẹ ti jẹun. Ó dàbọ̀ o!"

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọ̀yà wọra. Ó ń wo koríko tí eyín òun gé, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ló bá forin sí i:

Ehoro, dìde ńlẹ̀ o,
*Po amọ̀, po amọ̀ kó kúnná.*
Àáró la jọ dá o,
*Po amọ̀, po amọ̀ kó kúnná.*
A kọ́lé rẹ, ilé ga,
*Po amọ̀, po amọ̀ kó kúnná.*
Ó kan Ọ̀yà aboyún,
*Po amọ̀, po amọ̀ kó kúnná.*
Òjò ń ṣú bọ̀ lókè o,
*Po amọ̀, po amọ̀ kó kúnná.*

Ehoro gbọ́. Ó tiẹ̀ ń mirí sí orin náà. Àmọ́ kò dìde.

Inú bí Ikán nígbà tó gbọ́. "Ìyá wa, ẹ sọ̀rọ̀ kan péré. Kílẹ̀ tó mọ́, a ó ti jẹ òrùlé yẹn tán."

"Rárá o. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, mi ò fẹ́ kó bàjẹ́. Ó ní ọ̀wẹ̀ ni? Kó jẹ́ ọ̀wẹ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé Ọ̀yà láìsí Ehoro. Ọ̀yà fúnra rẹ̀ ló ń po amọ̀, ó ń pò ó, ó ń dìdí mú, ó ń sinmi. Iṣẹ́ náà ń wọ́ bí ìgbín. Nígbà tí ògiri Ehoro gbẹ, kò tijú, ó fò fẹ̀rẹ̀ wá bá wọn.

"Ikán, ó yá o, ẹ wá bá mi rẹ́ ògiri mi."

Ikán kò gbójú sókè. "Ọ̀wẹ̀ ni àbí àáró?"

Ehoro wo kòtò amọ̀. Bó bá ní àáró ni, yóò wọnú amọ̀ Ọ̀yà. "Ọ̀... ọ̀wẹ̀ ni."

"Ó dáa. Ẹni tí a bẹ̀ lọ́wẹ̀, ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ló ń wá. Ọwọ́ wa kò dilẹ̀."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí òjò àkọ́rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀, tó, tó, tó. Ehoro sáré délé. Ògiri ti ń yọ́, amọ̀ ń ṣàn lẹ́nu ọ̀nà. Etí rẹ̀ méjèèjì wó palẹ̀. Bí òjò ti dá, ó sáré padà, ó bẹ́ sínú kòtò amọ̀ Ọ̀yà, jàbú!

"Àáró ni! Àáró la dá!"

"Wí i kí gbogbo igbó gbọ́," ni Ikán wí.

Ehoro gun orí ọ̀gán, ó figbe ta: "Àáró la dá! Wọ́n ti ṣe tèmi, ó kan Ọ̀yà, èmi ni mo purọ́!"

Ọ̀yà kò rẹ́rìn-ín o. Inú ṣì ń bí i. Ṣùgbọ́n ó jáde nínú kòtò, ó fi àyè sílẹ̀ fún un, ó jókòó, ó dárin. Ta ló ń gbè é? Ehoro ni! Ẹ bá a gbè é, ẹ̀yin ọmọ: *Po amọ̀, po amọ̀ kó kúnná!*

Oòrùn bá wọn ṣe é. Wọ́n mọ ọ́n, wọ́n bò ó, wọ́n rẹ́ ẹ. Wọ́n lọ tún ti Ehoro ṣe, wọ́n sì fi yàrá kún ti Ikán. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá dé, wàá, wàá, ọjọ́ náà ni Ọ̀yà rọbí. Ehoro dúró síta, òjò ń pa á, ó ń pariwo.

"Ìyá Ọ̀yà, ṣé kò jò?"

"Kò jò," ni Ọ̀yà dáhùn láti inú ilé. "Wọlé, kó o wá wo àwọn ọmọ rẹ."

Àlọ́ mi ti délé, mo ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí mo bá purọ́ nínú rẹ̀, ẹ má gbè é fún mi mọ́ bí mo bá dárin. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa ni pé bí a bá fẹ́ jọ ṣiṣẹ́, ká ti sọ àdéhùn kí ọwọ́ tó kan ọkọ́. Bó bá sì kan ẹnìkejì, ká má yẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá yí àdéhùn padà nítorí iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà ni yóò mú un.