Àpótí Ìrókò Ọdẹ́wálé

Ní ìlú Òkè-Agbède, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọdẹ́wálé, afínjú tí kì í fẹ́ kí eruku kan òun. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, àpótí ìjókòó onígi ìrókò kan bọ́ sí i lọ́wọ́. Orí àpótí náà ni gbogbo ọmọbìnrin agboolé wọn ti ń jókòó gba ìre kí wọ́n tó lọ sílé ọkọ. Ó ti dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti sán.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n gbé Ìbídùn, ọmọ Ọdẹ́wálé, níyàwó, bàbá rẹ̀ kó àga tuntun wọlé nítorí àwọn àna. Àpótí náà wá ń tì í lójú. Ó gbé e lọ fún àbúrò rẹ̀, ìyẹn ní ilé òun ti kún. Bó ṣe ń gbé e bọ̀ ló pàdé ìyá aṣẹ́gità kan.

Ó ní, "Ìyá, ẹ gbà, ẹ là á dáná."

Ọjọ́ ìyàwó pé. Ìbídùn ti sunkún ìyàwó tán nígbà tí Ìyá Àbẹ̀ní, ẹ̀gbọ́n bàbá Ọdẹ́wálé, gbójú sókè.

"Ọdẹ́wálé, gbé àpótí bàbá rẹ wá."

"Ìyá, ṣé àga tuntun yìí ò dáa ni?"

"Ṣé àga ni mo bi ọ́? Orí àpótí yẹn lèmi náà jókòó sí. Ọmọ yìí ò ní jáde láìgba ìre."

Ọdẹ́wálé dìde. Ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó di ilé aṣẹ́gità. Àwẹ̀ró, ọmọ ìyá náà, ló bá níbẹ̀, tó ń ṣa èèpo igi sínú agbọ̀n.

"Àpótí tí mo fún ìyá rẹ dà?"

"Ó wà nínú ilé, bàbá. Èmi ni mo gbà á lẹ́nu àáké. Èèpo igi gan-an, à ń tọ́jú ẹ̀ de ọjọ́ òjò. Ta ló máa wá fi irú ìrókò yẹn dáná?"

Ó ti fi okùn di ẹsẹ̀ tó sán, ó sì ti fi epo pa á títí ó fi ń dán. Ọdẹ́wálé fẹ́ fi agbádá bò ó, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ti gbé e rù. "Ẹ má jẹ́ kí epo ta sí yín láṣọ," ló wí, ó sì ṣíwájú rẹ̀ gba àárín ìlú.

Ìyá Àbẹ̀ní béèrè ibi tí wọ́n ti gbé e wá. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó ń wolẹ̀. Ọdẹ́wálé fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ lójú àwọn àna pé, "Èmi ni mo ní kí wọ́n fi dáná." Ìbídùn gbójú kúrò lára bàbá rẹ̀, ó sì jókòó sórí àpótí. Àwọn kan ní ikú yá ju ẹ̀sín, ọjọ́ náà ni Ọdẹ́wálé mọ ohun tí wọ́n ń wí. Nígbà tó kàn án láti súre fún ọmọ rẹ̀, kò lè gbórí sókè.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé: ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.