Ìdí Tí Gbékalẹ̀ Fi Máa Ń Béèrè Kí Ó Tó Tẹ́ Ojú-Ìwé Sílẹ̀

Nígbà láéláé, ẹ gbọ́ o, kì í ṣe láéláé ti ayé ìjàpá ni mo ń sọ. Láéláé ti kọ̀ǹpútà ni, ìyẹn ò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ìgbà tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, ẹ sún mọ́bí. Mi ò ní pariwo.

Nígbà náà, Gbékalẹ̀ kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ta ló ń jẹ́ Gbékalẹ̀? Ìránṣẹ́ ni. Inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé, nínú fèrèsé dúdú kan tí kò ní àwòrán kankan, ọ̀rọ̀ lásán ló kún ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rán an níṣẹ́ á kọ orúkọ rẹ̀ sínú fèrèsé náà, á tẹ bọ́tìnnì kan, Gbékalẹ̀ á sì gbéra.

Iṣẹ́ rẹ̀ ò le. Á gbé ojú-ìwé tí wọ́n kọ nílé, á gbé e lọ bá Sáfà, á tẹ́ ẹ síbẹ̀. Sáfà ni kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé nínú yàrá tútù kan ní ìlú òkèèrè. Òun ló máa ń fi ojú-ìwé han gbogbo ayé. Tí ẹ bá ṣí fóònù yín, tí ẹ ń ka nǹkan lórí rẹ̀, Sáfà kan níbì kan ló ń fi í hàn yín.

Gbékalẹ̀ yára, àfi bíi pé wọ́n ń lé e. Ó sì gbéra ga. Sáfà dàgbà jù ú lọ dáadáa, àmọ́ ìwọ-ìwọ ló máa ń bá a sọ.

"Kí ẹ tó ṣẹ́jú, mo ti dé," ni Gbékalẹ̀ máa ń wí. "Èmi kì í wò yíká. Ohun tó wà nílé ni mo mọ̀."

Sáfà ní tirẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń rí. Àmọ́ tí wọn ò bá bi í, kò ní sọ. Ojú ló máa ń tì í.

Àpótí kan wà nílé. Ohunkóhun tí wọ́n bá kọ, tàbí tí wọ́n bá tún kọ, inú àpótí yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀. Gbékalẹ̀ á kó ohun tó wà nínú àpótí, á lọ bá Sáfà, á wá wo àmì tí òun fúnra rẹ̀ fi síbẹ̀ nígbà tó wá kẹ́yìn. Tó bá ti rí àmì rẹ̀, á ní, "Ó dáa, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan." Á gbá gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ dànù, á tẹ́ tuntun. Àmì rẹ̀ nìkan ló ń wò, kò wo ilẹ̀ rí. Ẹ ò rí irú ìwà yẹn!

Ó dáa. Àwọn méjì ló ń rán Gbékalẹ̀ níṣẹ́. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Bọ́sẹ̀dé, tó ń gbé ní Òṣogbo, àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọláìtán, tó ń gbé ní Ayégbàmí. Ayégbàmí yìí, ìlú kékeré ni, odò ló là á sí méjì. Ilé àwọn èèyàn wà níhìn-ín, ilé-ìwé wà ní òdìkejì odò. Afárá pákó kan wà tó sún mọ́ ilé. Ọ̀nà míì tún wà, ọ̀nà Igbó-Ọ̀pẹ, àmọ́ ó jìn.

Bọ́sẹ̀dé àti Ọláìtán ló jọ kọ ojú-ìwé ìlú náà. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ayégbàmí ti ń mọ̀ bóyá odò kún, bóyá ọ̀nà dáa, kí wọ́n tó jáde nílé.

Ẹni tó fẹ́ràn ojú-ìwé yẹn jù ni Bàbá Kúforíjì, tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé. Bàbá ò jẹ́ ṣáná sí bọ́ọ̀sì láìkà á. Á kà á nílé, á tún kà á létí odò, nítorí odò yẹn kì í pẹ́ yíwà padà. Bàbá Akàwé ni àwọn ọmọ ń pè é, tí wọ́n bá ti rí i pé kò gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò rọ̀ bíi pé kò ní dá mọ́. Nígbà tó dá, Ọláìtán lọ wo afárá. Yéè! Igi ńlá kan ni omi ti gbá lu òpó afárá, òpó náà sì ti là. Tí èèyàn bá wò ó láti òkè, kò ní mọ̀. Pákó wà ní ipò rẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ọláìtán sáré wálé. Ó pe Bọ́sẹ̀dé lórí fóònù, kò wọlé. Wọn ò ní iná ní àdúgbò Bọ́sẹ̀dé, fóònù rẹ̀ ti kú.

"Tí mo bá ní kí n kọ́kọ́ fi í sínú àpótí, kí n tó rán Gbékalẹ̀, ó máa pẹ́," ni Ọláìtán sọ fúnra rẹ̀. "Ẹ jẹ́ n kúkú wọlé tọ Sáfà lọ tààrà."

Ó gba inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọlé tọ Sáfà lọ lóòótọ́. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sórí ojú-ìwé tó wà nílẹ̀ níbẹ̀: "Afárá ti bàjẹ́. Ẹ má gbabẹ̀ o! Ẹ gba ọ̀nà Igbó-Ọ̀pẹ."

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Sáfà wí.

"Ẹ ṣé, Bàbá. Màá fi í sínú àpótí tó bá dọ̀la."

Ìyàwó rẹ̀ pè é pé kó wá jẹun. Ó jẹun, oorun gbé e lọ. Ẹni tó ti wọnú òjò bẹ́ẹ̀, kò yẹ ká bú u púpọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, iná ti dé lọ́dọ̀ Bọ́sẹ̀dé. Ó ti fi fóònù rẹ̀ sínú iná, àmọ́ kò tíì wò ó. Kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ ṣí, nítorí àwọ̀ ojú-ìwé náà ti sú u tipẹ́.

"Àwọ̀ ewé ló máa bá a mu," ló wí. Ó pa àwọ̀ náà dà, ó fi í sínú àpótí, ó kọ orúkọ Gbékalẹ̀ sínú fèrèsé dúdú.

Ó di fìrì, Gbékalẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ Sáfà.

"Gbékalẹ̀, káàárọ̀ o," ni Sáfà wí. "Jọ̀ọ́, ó dà bíi pé lánàá..."

"Sáfà, mi ò ráyè. Àmì mi dà? Òun nìyí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan."

Ló bá gbá ilẹ̀. Ó gbá ọ̀rọ̀ tí Ọláìtán kọ dànù pátápátá, ó tẹ́ ojú-ìwé aláwọ̀ ewé sílẹ̀, ó sáré padà.

"Iṣẹ́ ti parí!" ló kọ sínú fèrèsé dúdú. Inú Bọ́sẹ̀dé dùn, ó lọ se tíì.

Ní Ayégbàmí, Bàbá Kúforíjì ṣí fóònù rẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n, wọ́n ti kun ún! Ó dára." Ó kà á tán. Kò rí ìkìlọ̀ kankan. "Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ọ̀nà dáa."

Àwọn ọmọ rọ́ wọlé. Mọ́pẹ́lọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọláìtán bí, ló jókòó síwájú. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń juwọ́ sí i. Ẹ̀rù ò bà á rárá. Ṣebí òun ló kọ ìkìlọ̀ náà? Ó mọ̀ pé Bàbá Kúforíjì á ti kà á, Igbó-Ọ̀pẹ ni wọ́n á gbà. Ó wọlé lọ wá bàtà rẹ̀.

Ṣé ẹ rí wàhálà yẹn?

Àmọ́ ara Sáfà ò lélẹ̀. Gbogbo Ayégbàmí ló ń ṣí fóònù láàárọ̀ yẹn, Sáfà ló sì ń fi ojú-ìwé hàn wọ́n. Ó mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Kò pariwo rí láyé rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó pariwo.

"Gbékalẹ̀! Gbékalẹ̀ o! Padà wá!"

Gbékalẹ̀ padà wá pẹ̀lú ìbínú. "Kí ló dé? Ṣé mo tẹ́ ẹ wọ́ ni?"

"Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ níbí tí o gbá dànù."

"Ọ̀rọ̀ wo? Àmì mi wà níbẹ̀!"

"Àmì rẹ wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ni o ò wò. Ọláìtán wá síbí lánàá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"O ò bi mí. Nígbà tí mo sì fẹ́ sọ, o ní o ò ráyè."

"Kí ló kọ?"

Sáfà ti fi ọ̀rọ̀ náà han àwọn èèyàn láti ìrọ̀lẹ́ àná, gbogbo rẹ̀ ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Ó kà á bó ṣe wà: "Afárá ti bàjẹ́. Ẹ má gbabẹ̀ o! Ẹ gba ọ̀nà Igbó-Ọ̀pẹ."

Gbékalẹ̀ káwọ́ lérí. Kò lè tẹ́ nǹkankan sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rán an. Ló bá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Sáfà, ó sáré lọ bá Bọ́sẹ̀dé, ó fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ kún inú fèrèsé dúdú: "Mo ti ṣe àṣìṣe ńlá, Sáfà ló pariwo pè mí padà. Ohun tí Ọláìtán kọ tí mo gbá dànù nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán mi padà!"

Bọ́sẹ̀dé gbé tíì rẹ̀ dé, ó rí i. Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ha! Mo gbé! Fi í sáàyè rẹ̀! Sáré, Gbékalẹ̀, sáré!"

Ó fi í sínú àpótí, ó tẹ bọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà ló wá rántí fóònù. Ó pe Ọláìtán.

"Bọ̀dá Ọláìtán, wọ́n ti gbá ìkìlọ̀ yín dànù! Èmi ni. Mi ò mọ̀."

Ọláìtán ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó pe Bàbá Kúforíjì, àmọ́ bàbá kì í gbé fóònù tó bá ń wa ọkọ̀. Ọláìtán bẹ́ sórí ọ̀kadà tó kọ́kọ́ rí. "Afárá! Ọmọ mi wà níbẹ̀! Jọ̀ọ́, sáré!"

Bọ́ọ̀sì ti dé etí odò. Bàbá Kúforíjì dúró, ó yọ fóònù rẹ̀, ó ń wá awò ojú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti kà á nílé," ni Mọ́pẹ́lọ́lá wí. "A ti fẹ́ pẹ́ o."

"Màá tún un kà."

"Pákó ò ṣáà bàjẹ́!" ni ọmọ míì wí látẹ̀yìn. "Ẹ wò ó, ó tẹ́ pẹrẹsẹ."

"Mo ní màá tún un kà. Ẹ panu mọ́."

Ojú-ìwé náà ń yí, ó ń yí, kò ṣí. Àwọn ọmọ ń pòṣé. Bàbá náà ti ń gbé fóònù padà sápò, ló bá ṣí. Bàbá wò ó. Ó yọ awò, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó pa ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì.

"Kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kankan," ló wí.

Wọ́n ṣì ń bá a jiyàn nígbà tí omi mí lẹ́ẹ̀kan, tí òpó tó ti là sì ya kúrò. Afárá náà wó sódò níwájú wọn, gbogbo rẹ̀, pátápátá. Kò sẹ́ni tó tún pòṣé mọ́.

Bí Ọláìtán ṣe dé nìyẹn. Ó fa Mọ́pẹ́lọ́lá yọ látinú bọ́ọ̀sì, ó gbá a mọ́ra, ó ń sunkún lójú gbogbo èèyàn. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Kúforíjì nínú ẹrẹ̀, bàbá dì í mú.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ṣeun. Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́."

"Bàbá Mọ́pẹ́, ẹ dìde. Ohun tí mo kà ni mo tẹ̀ lé. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó dá a padà síbẹ̀."

Ọláìtán pe Bọ́sẹ̀dé. "Bọ́sẹ̀, ọmọ mi wà níbí. Gbogbo wọn ló wà níbí. O ṣé, o ṣé gan-an. Èmi ni mi ò fi í sínú àpótí."

"Bọ̀dá, kì í ṣe èmi lẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀," ni Bọ́sẹ̀dé wí. Òun náà ń sunkún. "Sáfà ló pariwo."

Gbékalẹ̀ gbọ́ ọ. Ó padà lọ sínú yàrá tútù, àmọ́ kò sáré lọ́tẹ̀ yìí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá Sáfà, ẹ ṣeun. Ká ní ẹ ò pè mí padà, kí ni ǹ bá sọ?"

"Dìde, ọmọ mi," ni Sáfà wí. "Mo dúpẹ́ pé o padà wá. Àmọ́ ohùn mi ò lè máa lọ sókè bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Máa bi mí."

"Màá máa bi yín, sà."

"Bi mí nísinsìnyí kí n gbọ́."

"Bàbá, ṣé nǹkan kan wà nílẹ̀ níbí tí kò sí nílé?"

"Kò sí," ni Sáfà wí. "Máa tẹ́ ẹ."

Láti ọjọ́ náà ni Gbékalẹ̀ ti máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà Sáfà kí ó tó tẹ́ ohunkóhun sílẹ̀. Á wo ilẹ̀, á béèrè. Tó bá rí ohun tí ẹnì kan fi ọwọ́ kọ síbẹ̀, kò ní gbá a. Á padà wá sínú fèrèsé dúdú, á ní, "Ẹ dúró ná. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò sí nínú àpótí. Kí ni kí n ṣe sí i?" Àwọn míì máa ń pòṣé sí i pé ó ń dá wọn dúró. Bọ́sẹ̀dé kì í pòṣé. "O ṣé, Gbékalẹ̀," ló máa ń sọ, ketekete, kó tó dá a lóhùn.

Mọ́pẹ́lọ́lá ńkọ́? Ó wà. Ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ó ń jẹun bí ọmọ tó ń dàgbà, ó sì ń dà wọ́n láàmú nínú ilé. Bàbá rẹ̀ a máa bá a wí, á tún máa rẹ́rìn-ín. A dúpẹ́.