Ibi Tí Ẹsẹ̀ Ẹlẹ́dẹ̀ Kò Tó

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ dáhùn dáadáa, àbí ebi ń pa yín ni? Àlọ́ mi já ṣàá, ó já sómi, ó bá Ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀.

Tí Ẹlẹ́dẹ̀ bá gun òkè kékeré, á máa mí hẹlẹ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ọ̀pọ̀lọ́, ní, "Ọ̀rá yìí á pa ọ́. Máa lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún."

Lọ́jọ́ kìíní, ó rẹ̀ ẹ́ láàárín adágún. Ó dìde dúró. Omi ò ju àyà rẹ̀ lọ. Ó kọrin:

Ó rẹ̀ mí, mo dìde o,
Jàlùmi!

Ẹ gbè é!

Lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ikùn ń wọlé, ẹnu sì ń gùn sí i.

"Ọ̀pọ̀lọ́, odò ńlá ló kàn."

"O ò tíì mọ̀wẹ̀ o, ọ̀rẹ́. Ìdìde lo mọ̀."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, olójú rògòdò! Ìlara ń pa ọ́."

Lọ́jọ́ kẹta, ó bọ́ sódò. Ó rẹ̀ ẹ́ láàárín. Ló bá ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára: ó na ẹsẹ̀ sísàlẹ̀ láti dìde.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan nǹkan kan.

Létí odò, Ọ̀pọ̀lọ́ gbọ́ "Ó rẹ̀ mí, mo…" Kò gbọ́ ìyókù.

Ẹ má gbè é mọ́, ẹ̀yin ọmọ. Ibẹ̀ ni àlọ́ mi rì sí.