Àwọn Ayálégbé Inú Ewúrẹ́

Nígbà láéláé, bí ewúrẹ́ bá ti jẹun tán, ẹnu rẹ̀ á dákẹ́. Ewé tútù nìkan ló ń jẹ nígbà náà, kì í fẹnu kan koríko gbígbẹ.

Lọ́dún kan, ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Ewé tútù tán pátá, ó wá ku koríko tó le bí ìgbálẹ̀. Ìyá Ewúrẹ́ jẹ ẹ́ títí, àmọ́ bó ṣe ń wọlé ló ń jáde, kò ṣe é lóore kankan. Ọmú rẹ̀ gbẹ. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí kò lè dìde mọ́. Ìyá Ewúrẹ́ dojú bolẹ̀ sábẹ́ igi, ó bú sẹ́kún, omijé rẹ̀ sì ń kán sórí ewé tó ti jẹrà níbẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá wa sunkún díẹ̀ sí i! Òùngbẹ fẹ́ pa wá."

Ìyá Ewúrẹ́ fò sẹ́yìn. Abẹ́ ewé jíjẹrà ni ohùn náà ti wá, àmọ́ kò rí ẹnì kankan. "Ta nìyẹn?"

"Àwa Wínníwínní ni. Ojú ò lè rí wa. Àwa la máa ń sọ ewé tó bá já bọ́ di ilẹ̀ ọlọ́ràá, kí igi lè rí nǹkan jẹ. Koríko tó ń dà yín láàmú yẹn, kékeré ni lọ́wọ́ wa. Àmọ́ ilẹ̀ ti gbẹ, a ò ríbi gbé mọ́."

"Omi wà nínú mi, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ wọlé! Kí ọmọ mi ṣáà ti yè."

Wọ́n gun orí koríko, ó sì kó wọn jẹ. Àmọ́ ebi ò jẹ́ kó fara balẹ̀ rún un, gbígbé ló ń gbé e mì. Kò pẹ́ tí ikùn rẹ̀ fi wú bíi ti ẹni tó gbé ìkòkò mì.

"Ìyá!" Àwọn Wínníwínní pariwo látinú. "Kí lẹ kó lé wa lórí báyìí? Odidi koríko! Ṣé ẹ fún wa ládàá ni?"

Ojú ti Ìyá Ewúrẹ́. "Ẹ má bínú. Ẹ dá a padà sí mi lẹ́nu, màá rún un kúnná fún un yín."

Wọ́n tì í padà sókè. Ó dùbúlẹ̀, ó rún un, ó rún un, ó tún gbé e mì. Ni iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ nínú. Koríko di oúnjẹ, oúnjẹ di wàrà. Nígbà tí oòrùn fi máa rọlẹ̀, ọmọ rẹ̀ ti mu ọmú, ó sì ti dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Inú Ìyá Ewúrẹ́ dùn débi pé ó ń lá a lẹ́nu, ó ń lá a nímú, títí àwọn Wínníwínní kan fi gba ibẹ̀ ṣí lọ sínú ọmọ náà.

Láti ọjọ́ náà ni ewúrẹ́ ti máa ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ ibòji, tí ẹnu rẹ̀ ń jẹ nígbà tí kò sí oúnjẹ kankan níwájú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má pè é ní wọ̀bìà. Oúnjẹ àwọn tó gba ọmọ rẹ̀ là ló ń rún lọ́wọ́.