Ọjọ́ Mẹ́ta tí Ọdẹ́jìnmí Dá

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ tẹ́tí, nítorí ìtàn yìí ń rí mi lára bí mo ti ń sọ ọ́. Ọdẹ́jìnmí, ọmọ bíbí Òkè-Ìràwé, mọ ọfà ta, ó mọ ipa ẹran tọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ iye ọjọ́ tí iṣẹ́ ń gbà. Nígbà tí egbò jẹ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ dé egungun, wọ́n ní èèpo igi kan nínú Igbó Àìparí nìkan ló lè wò ó. Ó pọn omi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún un, ó se oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta, ó ní, "Ìyá mi, ọjọ́ kẹta ni ẹ ó rí mi." Ẹnu dùn ún ro ẹ̀fọ́!

Ní ọjọ́ kẹta, inú àbàtà ló wà tó ń já eṣúṣú kúrò lára itan. Ní ọjọ́ keje ló dé ìlú àwọn iwin nínú igbó náà. Kò sí ilé kan tó ní òrùlé níbẹ̀. Ògiri kò ju orúnkún lọ, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ìṣílé tí wọ́n ti sè sílẹ̀ ti jẹrà sínú agbada, ìdin ń rápálá lórí ẹran bí ìrẹsì tó ń hó. Gbogbo iwin ń wí pé, "Lọ́la la ó parí rẹ̀." Òórùn náà gbá Ọdẹ́jìnmí nímú, ó bì, ó sì kígbe pé, "Ẹ̀yin ọ̀bùn wọ̀nyí!"

Arúgbó obìnrin iwin kan, tó ń ṣọ́ igi tí Ọdẹ́jìnmí wá torí èèpo rẹ̀, dìde. "Ta ni ò ń bú? Kànga tí o gbẹ́, ọjọ́ mélòó lo dá?"

"Márùn-ún ni, ìyá."

"Mélòó ló gbà?"

"Mọ́kàndínlógún."

"Abà rẹ ńkọ́?"

"Mo dá ọ̀sẹ̀ méjì. Oṣù mẹ́ta ló gbà."

"Kí ló wá dé tí o dá ọjọ́ mẹ́ta fún ọ̀nà tí o kò rìn rí?"

"Mo rò pé èyí yóò yàtọ̀ ni."

Iwin tutọ́ sílẹ̀. "Ohun tí àwọn onílé àìlórùlé yìí ń wí nìyẹn! Ẹ a máa ka ẹsẹ̀ tí ẹ ó fi rìn, ẹ kì í ka ẹ̀gún. Ẹ a máa ka oòrùn, ẹ kì í ka òjò. Ó yá, ọjọ́ mélòó ni o ó fi délé?"

Ọdẹ́jìnmí ronú, ó sì fi ìka kà á. "Méje ló gbé mi wá. Odò ti kún, ẹrù ti wà lórí mi. Mo dá mẹ́wàá."

Iwin bó èèpo fún un.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún tó ti kúrò nílé ló wọlé. Abẹ́ní aládùúgbò, tó mọ ìwà Ọdẹ́jìnmí dáadáa, ló ti ń pọnmi fún ìyá láti ọjọ́ kẹrin. Èèpo wo egbò náà sàn, ṣùgbọ́n ọmọ ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta ti jẹrà já. Ìyá kò wo ojú rẹ̀. "Ìrora kọ́ ló pa mí jù," ó ní. "Ọ̀nà tí mo ń wò láti ọjọ́ kẹta ni."

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ dá ọjọ́ fún ènìyàn, ẹ má wo bí ara yín ti yá tó. Ẹ wo iye tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti gbà rí. Ẹni tó dá ogún ọjọ́, tó dé ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, ẹ̀rín ni wọn yóò fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.